Ẹrù Apá Bàálù

Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìn-ín-ní, 2025.

Ummu-Kulthum ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Àsàláámù àléékúmù. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Abdulrahman, mo kí ẹni tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ti ń dúró nínú rẹ báyìí? Ọyẹ́ ọdún yìí le níbí. Gbogbo kọ́tìnnì tí mo so síta ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò Road ló ti di aláwọ̀ eruku, àwọn oníbàárà wá ń bi mí bóyá àwọ̀ tuntun ló dé.

Lẹ́tà rẹ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé kíákíá. Ṣé o mọ̀ pé Tiwalọlá, ọmọ tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Post Office, ló máa ń tẹ lẹ́tà rẹ jáde fún mi, òun náà ló sì ń ya fọ́tò lẹ́tà tèmi ránṣẹ́ sí ọ. Ó tẹ èyí jáde, ó wò ó, ó ní, "Mama, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á." Ohun tí o kọ rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀:

"Won ti gbe mi kuro ni ofiisi, ise eru ni mo n se bayii. Eru apa baalu lo wa lorun mi. A o maa di eru le e titi apa yoo fi se."

Ummu, kí ni mo fi ọ́ ṣe? Tiwalọlá ní iṣẹ́ ẹrú ni, pé àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ di ẹrú. Ẹ̀gbọ́n mi, Àáfàá Mọ̀múdù, gba ìwé náà, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ní iṣẹ́ èrú ni, pé ọmọ àbúrò àwọn ti ń lu jìbìtì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣe àdúà lé ọ lórí, ohùn wọn sì ń dé ilé kejì. Èmi ìyá rẹ nìkan ni mo rò ó sí rere. Mo ní iṣẹ́ ẹrù ni, ẹrù rírù. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ẹrù apá bàálù wà lọ́rùn rẹ, orí mi fò lọ. Aláboyún oṣù márùn-ún! Apá ta lẹ sì ń dúró dè kó ṣẹ́? Tìrẹ?

Dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá ń lò ọ́ ní ìlòkulò, sọ. Bó bá sì jẹ́ jìbìtì ni, má sọ fún Bàbá Àáfàá, èmi ni kí o sọ fún.

Ìyá rẹ,
Hajarat.


Bristol,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, 2025.

Àlájà mi, ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn yìí ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ dáadáa mọ́. Mo ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín títí Abdulrahman fi sá jáde ní bálùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Ó rò pé ọmọ ti ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Bàbá Àáfàá sinmi àdúà. Mo ti wá ibi tí àmì wà lórí fóònù mi, n ò tún ní kọ̀wé sí yín láìfi àmì sí i mọ́. Ẹrù ni, Ìyá, ẹrù tí ènìyàn ń rù. Kì í ṣe ẹrú, kì í ṣe èrú. Pé ó wà lọ́rùn mi, pé èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀ ni. Orí àga ni mo máa ń jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Apá méjèèjì ni bàálù fi ń jókòó lórí afẹ́fẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ènìyàn, àpótí, epo, àti ara bàálù fúnra rẹ̀, apá ló ru ú. Bó bá ń lọ tààrà, ẹrù náà kò ju ìwọ̀n bàálù lọ. Àmọ́ bó bá dagun láti yí, tàbí tó gbórí sókè lójijì, ẹrù apá á pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó fi ohunkóhun kún un. Ẹ wo ọ̀pá kọ́tìnnì yín. Bí kọ́tìnnì bá so jẹ́ẹ́, ọ̀pá á tẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ oníbàárà kan rọ̀ mọ́ kọ́tìnnì náà kó máa ṣe jangirọ́fà, ẹ ó rí bí ọ̀pá yóò ṣe tẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ bí apá yóò ṣe tẹ̀ tó. A gbé apá kan tí kò ní fò láéláé sínú ilé ńlá kan, a fi irin de ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́. Apá bàálù ni yóò ṣẹ́. Tèmi wà pẹ̀lú mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ pàtàkì. Fisa yín ti jáde. Ìparí oṣù kẹrin ni dókítà ní ọmọ yìí ń bọ̀. Ọjọ́ wo ni kí n bá yín mú tíkẹ́ẹ̀tì?

Ọmọ yín,
Àmọ̀kẹ́.


Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 2025.

Àmọ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ. Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹrù. Bàbá Àáfàá ní àdúà kì í ṣòfò, pé àwọn kò gba tàwọn padà, bó o bá fẹ́ lu jìbìtì lọ́jọ́ iwájú ó ti bò ọ́ mọ́lẹ̀.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, jẹ́ kí n rán ọ létí ohun kan. Nígbà tí a ń ti Mẹ́kà bọ̀, bàálù wa já. Má sọ fún mi pé kò já, mo wà níbẹ̀. Ife tíì tó wà níwájú mi gòkè, mo fi ojú mi méjèèjì rí i, ó dúró lókè bí ẹni tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó sì da gbogbo tíì náà sórí híjáàbù mi. Mo gé ara mi lahọ́n jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ Ìlọrin, ó tán, n kò gun bàálù mọ́ láyé. Ó fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá.

Èwo ló tún wá burú tó pé mo wá ní ọmọ kan ṣoṣo tó jẹ́ obìnrin, òun náà ló ń kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa ṣẹ́ apá bàálù? Èyí tí o kò tíì rí ṣẹ́ lo fẹ́ kí n gùn ni?

Ìyá rẹ,
Hajarat.


Bristol,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì, 2025.

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ọyẹ́. Bàálù yín ò já o. Afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló bá a pàdé, ó ti bàálù wálẹ̀ kíákíá ju bí ife ṣe lè bọ́ lọ. Ife ò gòkè, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ife sílẹ̀ lókè. Ikùn ènìyàn ò sì mọ nǹkan wọ̀n. Ó lè má ju gíga ilé alájà kan lọ, ikùn yín á ní òkè Ṣóbí lẹ já sí.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń rú báyẹn, ó ń fi ẹrù kún ẹrù apá, ó sì tún ń gbé e kúrò, wàràwàrà. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń dín eré kù, torí bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni afẹ́fẹ́ ń lu apá tó. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ṣàngó náà máa ń dín eré kù bí wọ́n bá rí kòtò. Ó dáa, àwọn tó lórí pípé nínú wọn. Bí ẹ bá wo ìta, ẹ ó rí i tí apá ń tẹ̀ sókè, tó ń padà sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀. Èyí tí kò lè tẹ̀ ló yẹ kí ẹ sá fún. Wọ́n ti ro ẹrù tó wúwo jù lọ tí bàálù náà lè bá pàdé láyé rẹ̀, òfin sì ní kí wọ́n tún fi ìdajì irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e, kí apá má sì ṣẹ́. Àwa là ń ṣẹ́ ẹ níbí, kó má baà ṣẹ́ níbòmíràn. Tiyín ò ju kí ẹ so bẹ́líìtì.

Ẹ máa bọ̀, Ìyá mi. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì yín sínú yàrá.

Ọmọ yín,
Àmọ̀kẹ́.


Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì, 2025.

Ummu ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Má bínú pé lẹ́tà mi pẹ́. Mo ka tìrẹ, ó dùn, mo kà á fún Bàbá Àáfàá, wọ́n ní ọmọ náà mọ̀wé.

Àwẹ̀ ti dé tán. Ìgbà yìí ni gbogbo ilé ń pààrọ̀ kọ́tìnnì de ìtúnu, n kò sì rí ẹni tí n ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Orúnkún mi pàápàá ń dùn mí. Mo wá bá ìyá ọkọ rẹ, Àlájà Lami, sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n bá mi lọ. Inú wọn dùn débi pé ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ra búláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ. Wọ́n ti gun bàálù lọ sí ọ̀pọ̀ ibi, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìyá ni àwọn náà, wọ́n mọ ọmọ tọ́jú.

Máa jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ,
Hajarat.


Bristol,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 2025.

Ẹ̀yin Ìyá mi,

Mo ti gbọ́. Ẹ kú ìmúra àwẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlájà Lami. N ò ní yọ yín lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ bàálù mọ́.

Ummu-Kulthum.


Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, 2025.

Ummu,

Lẹ́tà kẹta tí mo kọ rèé láìrí èsì. Tiwalọlá ní kí n dúró sílé, pé bí nǹkan bá dé òun á pè mí, torí mo ti ń dí àwọn oníbàárà òun lọ́nà. Mo ń lọ síbẹ̀ náà.

O kò pe ara rẹ ní Àmọ̀kẹ́ nínú èyí tí o kọ kẹ́yìn. Mo rí i. O rò pé n kò ní rí i? Èmi tí mo sọ ọ́ ní Àmọ̀kẹ́! Mo pe Abdulrahman lórí fóònù, ó ní, "Ó wà dáadáa, Mà," bí ẹni tí wọ́n dúró tì lórí. Bí o bá ń bínú, bínú kí n gbọ́. Kọ ọ́ síwèé, bú mi, fi àmì sí i dáadáa kí n lè kà á. Ìdákẹ́ rẹ kò jẹ́ kí sààrì dùn lẹ́nu mi.

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ́. Orúnkún mi ò sì dùn mí.

Ìyá rẹ.


Bristol,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 2025.

Ìyá mi,

Ẹ kú àwẹ̀. Ẹ forí jì mí fún ìdákẹ́ mi. Mò ń bínú, mi ò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń bínú sí ìyá rẹ̀ lórí ìwé.

Àná la ṣẹ́ apá náà. Gbogbo iléeṣẹ́ wá wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sókè, ó ń tẹ̀, ó ń ké jìn-ìn, ó ń dún káúkáú nínú. Ó dé ibi tí òfin ní kó dé, ó dúró, a ṣàtẹ́wọ́. A tún ń fà á. Ṣóńṣó rẹ̀ ga dé ibi tí mi ò rò pé nǹkan lè tẹ̀ dé láìṣẹ́. Lójijì ni ó dún gbàà bí ìbọn, eruku sọ, apá ti ṣẹ́. Ó ṣẹ́ sí ibi tí mo ti sọ pé yóò ṣẹ́ sí, Ìyá. Àwọn ènìyàn ń hó, wọ́n ń dì mọ́ mi. Ọmọ yìí náà ta gìrì nínú mi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá mi rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ó fún mi ní aṣọ ìnujú. Kì í ṣe ayọ̀. Mo mọ gbogbo ohun tí apá yẹn lè rù, mo mọ̀ ọ́n dé orí ìṣó tó kéré jù lára rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí èmi lè rù. Kò sẹ́ni tó gbé irú mi kan sínú ilé ńlá wò kí wọ́n tó gbé oyún rù mí. Ẹ wo àmì tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹrù. Ẹ̀rù. Ẹ̀rù ìrọbí ń bà mí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbí, torí gbogbo wọn ló rò pé mi ò mọ ẹ̀rù.

Àlájà Lami dára. Wọ́n á tọ́jú ọmọ mi, mo mọ̀. Ta ló máa tọ́jú ọmọ tiyín?

Àmọ̀kẹ́.


Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, 2025.

Àmọ̀kẹ́,

Mo ń bọ̀. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí ọ.

Àsàláámù àléékúmù. Ẹ kú ọdún ìtúnu àwẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi jókòó sí Táíwò Road, mò ń ta kọ́tìnnì, orí ọmọ tuntun ń bọ̀ ní Bristol, orí ọmọ tèmi náà sì ti ń wọ́. Ojú tì mí.

Mo lọ bá Bàbá Àáfàá lórí ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́. Wọ́n ní n ó fi oúnjẹ bọ́ tálákà mẹ́wàá, Ọlọ́run á sì gbà á. Lọ́jọ́ ọdún ni mo se ìrẹsì, mo kó ẹran sí i. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá kò sí ẹ̀jẹ́ mìíràn tí mo tún fẹ́ jẹ́. Mo lọ sọ́dọ̀ Àlájà Lami láti bẹ̀ wọ́n. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti gbé búláńkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Hajarat, mo ti ń dúró dè ọ́."

Ta ni yóò wẹ ọmọ náà bí n kò bá wá? Ta ni yóò jù ú sókè lẹ́yìn ìwẹ̀, tí yóò sì hán an, kí àyà rẹ̀ má baà máa já káàkiri? Iṣẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ ìyá ìyá ni.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà o, mo fi àmì sí i. Jẹ́ kó bà wá pa pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí o mú fún mi, níbi tí mo ti lè rí apá náà. Bí n ó bá fò, n ó máa ṣọ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Hajarat.


Lójú òfuurufú,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, 2025.

Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Abdulrahman pè mí ní Àbújá kí wọ́n tó ní ká pa fóònù. Ó ní ìrọbí ti mú ọ láti ìdájí, pé ọmọ ò dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa sáré bọ̀, ó ní, "Mà, bàálù ló yá jù." Mò ń kọ èyí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan dì mú.

A ti dé orí aṣálẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń rú. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Nathan ló ní òun ń jẹ́, ó wọ kóòtù, ó ti ń ròyìn gbogbo ìlú tó ti fò dé fún mi. Bí bàálù ṣe kọ́kọ́ gbọ̀n báyìí ló di apá mi mú. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi ló ń ṣẹ́ apá bàálù." Ó yáa fi apá mi sílẹ̀, ó sì ń wò mí títí di ìsinsìnyí.

Mo ka Áyátúlì Kúrúsíyù, mo wo ìta. Apá náà ń tẹ̀ sókè, Ummu, ó ń padà wálẹ̀, bí o ṣe sọ gẹ́lẹ́. Mo gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, mo sọ fún Nathan pé awakọ̀ ti dín eré kù, kí afẹ́fẹ́ má baà lu apá jù. Ó bi mí pé ṣé ẹnjiníà ni mí ni. Mo ní kọ́tìnnì ni mò ń tà. Afẹ́fẹ́ tún jù wá sókè, ó tún hán wa, bí a ṣe ń ju ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ yẹn kì í jẹ́ kí ọmọ bọ́.

Má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àmọ́ n kò gbójú kúrò lára apá náà. Rọra, ọmọ mi, rọra. Mò ń bọ̀.

Ìyá rẹ.


Bristol,
Ọjọ́ kan náà.

Àlájà mi,

Ẹ káàbọ̀. Ẹ óò rí èyí bí ẹ bá tan fóònù yín. Abdulrahman wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde, kò tíì sùn, bó bá ń sọ ìsọkúsọ ẹ má dá a lóhùn.

Obìnrin ni. Ara àwa méjèèjì le. Ó dùn mí, Ìyá, ó dùn mí ju gbogbo ohun tí mo kà nínú ìwé lọ. Mò ń ké "Ìyá mi o, Ìyá mi o" títí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì fi mọ̀ ọ́n pè. Mo rù ú dé ibi tí mi ò rò pé mo lè rù ú dé, mi ò sì ṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì náà ti gbé omi wá láti wẹ ọmọ. Mo ní kó gbé e padà. Ó bi mí pé ta la wá ń dúró dè, mo nàka sókè, sí ojú ọ̀run. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé ìyá mi ti ṣaláìsí. Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí gbogbo ara ń dùn mí. Mo ní rárá o, wọ́n wà láyé, wọ́n wà lókè yẹn lóòótọ́, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ tètè máa bọ̀, Ìyá. Kò sẹ́ni tó tíì wẹ̀ ẹ́.

Ọmọ yín,
Àmọ̀kẹ́.